A Kan Péré

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ tún sún díẹ̀ sí i, mi ò fẹ́ máa pariwo. Ìwọ tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, gbé abọ́ kalẹ̀, abọ́ ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yán, tí ẹ ní kí n tètè parí ẹ̀ kí ẹ lè lọ sùn, ẹ kúkú lọ báyìí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ "kí lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan?" látẹnu ẹnì kankan. Etí méjì ni Ọlọ́run fún yín, ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ o. Lẹ́tà inú á-bí-dí ni. A. Èyí tó máa ń ṣáájú gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ gba ipò. A kan péré ló mú kí ọkùnrin kan tó lágbára bí ẹṣin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó ń sunkún lójú àwọn oníbàárà ẹ̀.

Ẹlẹ́rọ là ń pe ọkùnrin náà. Òun ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ní abúlé wa. Ẹ̀rọ yẹn, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí o bá dúró síwájú Ẹlẹ́rọ, tí o bú bàbá ẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé o, ẹ kí wọn nílé." Ìyẹ̀fun ti bo orí ẹ̀, ó bo irungbọ̀n ẹ̀, débi pé tó bá ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ọmọdé á dọ̀bálẹ̀ kí i bí ẹni kí bàbá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó pẹ́ kó tó gbéyàwó, ìyàwó náà sì pẹ́ kó tó bímọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wojú Ọlọ́run. Nígbà tí ọmọ wá dé, obìnrin, orí ẹ̀ rogodo, gbogbo wa gbàgbé orúkọ ìyàwó náà pátápátá. Ìyá Ìkókó la ń pè é. Bí ẹ bá pè é ní nǹkan mìíràn, kò ní dáhùn.

Ilé wọn ló gbẹ̀yìn ní abúlé. Tí o bá kọjá ibẹ̀, oko àgbàdo ló kù, àgbàdo títí tí ojú á fi sú ọ. Láti ilé yẹn dé ìsọ̀ ẹ̀rọ, tí èèyàn bá ń rìn, ó tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Tó bá ń sáré, tí ọkàn ẹ̀ sì ti fò lọ ṣíwájú ẹ̀, ó lè gbà á ní ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sápò, a máa nílò ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ nípa àwọn olè wa. Olè wa kì í ṣe olè òru. Olè òru ṣì nítìjú díẹ̀, ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe ò dáa, ló ṣe ń dúró de òkùnkùn. Tiwa, ọ̀sán ni wọ́n ń wá, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wà lóko. Wọ́n á gun alùpùpù wá, wọ́n á so báàgì mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa kí èèyàn lọ́nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, oòrùn yìí pọ̀ o." Ìwọ náà á dáhùn, "Ó pọ̀, ẹ rọra o." Ó di ìrọ̀lẹ́ kó o tó mọ̀ pé ẹni tó ru ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ẹ lọ ni o kí. Wọ́n jí ẹ̀rọ tó ń fa omi ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n jí ajílẹ̀. Wọ́n jí ilẹ̀kùn! Ọkùnrin kan dé láti oko, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó gbójú sókè, kò sí ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí.

Ẹ ní ọlọ́pàá ńkọ́? Àgọ́ ọlọ́pàá wà o, ní ìlú ńlá, lẹ́yìn afárá tí òjò ti jẹ ìdajì ẹ̀. Ọkọ̀ kan ni wọ́n ní. Ọkọ̀ náà ní táyà mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Àgbà ṣe dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Tíṣà Àgbà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọ pátá lásán, ṣùgbọ́n kò tíì dẹ́kun kíkọ́ni. Tí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á tún un sọ fún ọ. Ó gba nọ́ńbà fóònù gbogbo ilé, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ayé máa ń dé. Ohun tó kù ni pé, tí olè bá dé, kí la máa fi fóònù ṣe?

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ gbọ́ méjèèjì dáadáa.

Àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa gbàgbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì ní ilé ìwòsàn, ó lọ gbẹ̀bí. Olè wọlé. Ó ti tú páànẹ́lì tó ń fi oòrùn ṣiná, ó ti gbé e lé èjìká. Ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún, ó dákẹ́. Ó dún, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún! Olè rò pé gbogbo ayé ti mọ̀ sí i, ó sọ páànẹ́lì kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ta ló ń pè? Ọkọ Nọ́ọ̀sì ni. Kò rí ṣòkòtò ẹ̀.

A rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu wa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, olè méjì wọ ilé ẹ̀kọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yára wọ abẹ́ tábìlì, ó fa àga bo ara, kò mí. Ì bá bọ́. Àmọ́ rédíò kékeré kan wà nínú àpò ẹ̀. Bó ṣe ń ká ara jọ, ìgbúnwọ́ ẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ni ẹni tó wà lórí afẹ́fẹ́ bá fi ohùn dídùn ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi!" Wọ́n fà á jáde. Irin ni wọ́n fi lù ú. Títí dòní, bàbá yẹn ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife omi dé ẹnu, etí òsì ẹ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ rí i báyìí: ariwo kan lé olè, ariwo kan fa olè.

Nípàdé, Tíṣà Àgbà wá gbé òfin kalẹ̀. Ó ní, "Tí olè bá dé ọ̀dọ̀ ẹ, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ariwo lè lé wọn, kọ ọ́ pé ká máa pè ẹ́. Fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè, a ò ní sinmi. Tó bá jẹ́ pé o fara pamọ́, kọ ọ́ pé ká má pè ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì." Ó mú èédú, ó kọ méjèèjì sára ògiri, ńlá ńlá: MÁA. MÁ. Ó ní, "Èyí ní a méjì, èyí ní ẹyọ kan. Àmì wà lórí àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orí àwọn ìyá yín bẹ̀ yín, ẹ má ṣahun a."

Bíríkìlà kan wà láàárín wa, Kánjúkánjú là ń pè é, torí ògiri tó bá mọ ní àárọ̀, ẹ má fẹ̀yìn tì í ní ìrọ̀lẹ́. Ó dìde, ó ní, "Tíṣà, nínú ìjayà, ta ló máa wá máa wá àmì kiri? A kan péré! A kan ò lè pa èèyàn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìkókó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Òun ló rẹ́rìn-ín jù.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago méjì ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, gbàù! Ìsọ̀ dákẹ́ lójijì, etí gbogbo wọn ń hó. Tíṣà Àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa àgbàdo ẹ̀, Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, Kánjúkánjú náà wà níbẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo àwọn ẹlòmíràn ní tútù. Ẹlẹ́rọ fi bẹ́líìtì tó já kọ́rùn, ó ní, "Ẹ mú sùúrù, mo máa rán an." Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́líìtì tó já, òun ló jẹ́ kó gbọ́ fóònù nínú àpò ẹ̀. Ó ṣe kín-ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fà á yọ, ó fi àtàǹpàkò nu ìyẹ̀fun ojú ẹ̀ kúrò, ó kà á sókè:

"Olè méjì wà nílé. Èmi àti ọmọ wà nínú àgbá omi. Ẹ má pè mí."

Ìyẹ̀fun ni kò jẹ́ kí wọ́n rí bí ojú Ẹlẹ́rọ ṣe yí padà, ṣùgbọ́n ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, ìyẹ̀fun ń já bọ́ lára ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń jọ̀ ọ́.

Tíṣà Àgbà na ọwọ́. Ó ní, "Ṣé ohun tó kọ nìyẹn, àbí ohun tí ìwọ kà?"

"Tíṣà, ẹ má bínú, àkókò ìwé kọ́ nìyí!"

"Mú un wá!"

Ó gba fóònù, ó sún un sẹ́yìn, ó sún un síwájú, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: *Ole meji wa nile. Emi ati omo wa ninu agba omi. E ma pe mi.*

Ma. M àti a. Kò sí àmì lórí ẹ̀, kò sí a kejì lẹ́yìn ẹ̀. Ó dúró sáàárín ojú fóònù bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Tíṣà ní, "'Máa' ni. Ó wà nípàdé, ó mọ òfin. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká pe òun á kúkú dákẹ́. Ta ló fẹ́ pè é tẹ́lẹ̀?"

"Èmi!" Ẹlẹ́rọ pariwo. "Èmi ni! Ojoojúmọ́, tó bá ti di aago mẹ́ta, mo máa ń pè é láti mọ̀ bóyá ọmọ ti sùn. Ó mọ̀ pé mo máa pè! Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é lónìí ni! Inú àgbá ló wà, Tíṣà, àgbá òfìfo! Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbá òfìfo ní ń pariwo? Tí fóònù bá dún nínú àgbá, ṣé wọn ò ní gbọ́ ọ dé ojú títì?" Ó ń na ìka sápá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà. "Ẹ ò rí bàbá yẹn ni? Rédíò lásán!"

Tíṣà dákẹ́. Èmi ò tíì rí ọjọ́ mìíràn tí Tíṣà dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì ló ní làákàyè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe máa ń kọ 'máa' rèé, bó ṣe máa ń kọ 'má' rèé, a ó mọ̀." Ọgbọ́n ńlá. Wọ́n da orí mọ́ fóònù náà, àwọn mẹ́ta.

*E ma bo kiakia omo n sunkun.* Máa bọ̀ nìyẹn. A kan.

*E ma gbagbe iyo.* Má gbàgbé nìyẹn. A kan náà.

*E ma binu mo ti je eran yin.* Ẹlẹ́rọ mí kanlẹ̀. Má bínú.

*E ma ra ose bo.*

Nọ́ọ̀sì wo Ẹlẹ́rọ. "Èyí ńkọ́, Bọ̀dá? Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò rà á."

"Kí ló ní kẹ́ ẹ ṣe?"

Ẹlẹ́rọ wo ìyẹ̀fun ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wá ní, "Kí n máa rà á bọ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Ọkùnrin yìí ti ṣìnà lójú "ma" yìí rí. Ọṣẹ ló ná an nígbà yẹn. Kí ló máa ná an lónìí? Tó bá jẹ́ "má" ni, tí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀kan, irin á kan ọmọrí àgbá. Tó bá jẹ́ "máa" ni, tí ẹnikẹ́ni ò bá pè, obìnrin kan wà nínú òkùnkùn tó ń retí ohùn tí kò ní dé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ yẹn. Ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní kó fi a kan yàn án.

Ó ní, "'Má' ni. Mo mọ ìyàwó mi. 'Má' ni."

Ohùn ẹ̀ ò dà bí ti ẹni tó mọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Kánjúkánjú ti gbórí sókè láti orí fóònù tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ ń kàwé, èmi ti ṣiṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà ara ògiri pé olè wà nílé yín, kí wọ́n yáa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó yín."

Mi ò lè sọ ohun tí Ẹlẹ́rọ ṣe tán. Ó fò. Ó gbá fóònù ọwọ́ Kánjúkánjú bọ́ sínú garawa Tíṣà. Ó já tiẹ̀ gbà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ìka ẹ̀ tóbi bí ọ̀pá, òróró ẹ̀rọ ń yọ̀, ó ń sọ ọ́ sókè bó ṣe ń kọ ọ́, "Ẹ... má... pe... ìyàwó... mi!" Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó mí.

Tíṣà Àgbà yọjú wò ó láti ẹ̀yìn. "Kí lo kọ yẹn?"

"Mo ní kí wọ́n má pè é."

"Níbo lo ti sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹlẹ́rọ wo fóònù. *E ma pe iyawo mi.*

Òun náà! Òun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ pa! A kan, kò sí àmì, ó sì ti wọ fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ìyẹ̀fun, tó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Tíṣà gba fóònù, ó fẹ́ kọ ọ́ dáadáa, ó ń wá àmì, ó tẹ ibi, ó tẹ ọ̀hún, àwòrán òdòdó ló jáde. "Ogójì ọdún!" ni Tíṣà ń wí. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àmì ohùn, mi ò rí i níbi tí wọ́n gbé e sí!"

Nọ́ọ̀sì já a gbà. Ó kọ ọ́ kíá: *Enikeni ko gbodo pe e. Eni to ba pe e lo pa a.* Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ gan-an kà á, á yé e. Ó fi fóònù sí Ẹlẹ́rọ lápò.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti pè kí ìyẹn tó dé. Nẹ́tíwọ̀kì wa, ẹ mọ̀ ọ́n, tó bá wù ú, á ṣiṣẹ́. Tí kò bá wù ú, á ní kó o tún pè padà.

Tíṣà pe àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó gbé e ní, "Ṣé àwọn olè náà ṣì wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tètè máa bọ̀!"

"Ẹ dá wọn dúró ná. À ń wá táyà."

Wọ́n gbéra. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ, torí alùpùpù ń pariwo. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ni àwọn tó ti ka ọ̀rọ̀ náà ń jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì ní jẹ́jẹ́, "Ká pè é àbí ká má pè é?" Nọ́ọ̀sì á fi ọwọ́ bo ẹnu wọn. Ní ti Kánjúkánjú, Tíṣà mú ṣùkù àgbàdo kan, ó fi dí i lẹ́nu, ó ní, "Tí ìyẹn bá bọ́ kó tó di ìgbà tí mo bá ní kó bọ́, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ so." Kánjúkánjú mi orí. Ó ń sáré lọ, ṣùkù lẹ́nu, bí ajá tó ru egungun.

Ẹlẹ́rọ ti wà níwájú, bàtà ẹsẹ̀ kan, bẹ́líìtì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń sọ? Ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, má. Ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, máa. Má. Máa. Má. Máa. Bó ṣe sáré ìlàjì ọ̀nà nìyẹn. Ó rántí bí ìyàwó ẹ̀ ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lọ́dún kẹta, tó ní, "Bàbá Ìkókó," nígbà tí kò sí ìkókó kankan, ó kàn ń fi ẹnu tọ́ ọ wò. Máa. Má. Nígbà tó di aago mẹ́ta kù díẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ lọ sápò fúnra ẹ̀, bó ṣe máa ń lọ lójoojúmọ́. Ó fa fóònù yọ, ó wò ó bí ẹni mú ejò dání, ó dúró de Nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹ bá mi mú un. Ẹ má fún mi, kódà tí mo bá bẹ̀ yín."

Wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n gba inú oko àgbàdo wọ ẹ̀yìn ilé, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ ò ní gbọ́ ìró ewé kan.

Alùpùpù ló kọ́kọ́ yọ sí wọn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n jí níjọ́sí, wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ibùsùn Ẹlẹ́rọ. Olè kan wà nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ju nǹkan. Ìkejì...

Ẹ dì mí mú o.

Ìkejì jókòó sórí àgbá. Lórí àgbá gangan! Ó gbé ìdí lé ọmọrí ẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo bíbọ̀ tí Ìyá Ìkókó fi sínú ìkòkò, ó ń ju ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀ ń kan àgbá, gbọ̀ùn, gbọ̀ùn, gbọ̀ùn. Ihò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ àgbá, níbi tí ẹnu ẹ̀rọ omi wà kó tó ṣẹ́. Láti inú ihò yẹn, Ẹlẹ́rọ rí etí aṣọ ọmọ ẹ̀, aláwọ̀ òféfèé. Kò mì.

Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Olè orí àgbá rí i pé àgbàdo ń rìn bọ̀ láìsí afẹ́fẹ́. Ó fò sílẹ̀, ó sá gba apá òsì, ó sì bá Kánjúkánjú pàdé. Kánjúkánjú wó lù ú bí ògiri tó mọ fúnra ẹ̀. Èkejì gbé rédíò jáde láti inú ilé, ó rí ọkọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó rọra gbé rédíò kalẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Bẹ́líìtì ọrùn Ẹlẹ́rọ ni wọ́n fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn kan ti gbé igi. Tíṣà dúró síwájú àwọn olè náà, ó na apá méjèèjì. "Ẹni tó bá lù wọ́n, èmi ló lù. Wọ́n máa sọ ibi tí wọ́n kó ẹrù wa lọ, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, kódà kí ọlọ́pàá gun táyà méjì wá."

Ẹlẹ́rọ ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Ó ti dúró síwájú àgbá. Ọwọ́ ẹ̀ wà lórí ọmọrí, kò lè ṣí i. Ó ní, "Ìyá Ìkókó." Kò sí èsì. Nọ́ọ̀sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí i.

Ó ká ara jọ síbẹ̀, orúnkún kan àgbọ̀n, òógùn ti rẹ aṣọ ẹ̀ tán. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ kan wà lẹ́nu ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti parí, ìyàwó wa, gbé ọwọ́ kúrò." Kò gbọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ìka ẹ̀, bí ẹni ń tú okùn tó ti gan. Wọ́n gbé ọmọ jáde. Ọmọ ò ké. Nọ́ọ̀sì dà á délẹ̀ sórí apá, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọmọ ò ké. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kódà àwọn olè, kò sẹ́ni tó mí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí, ọmú mi máa ń gbẹ, mi ò sì ní ọmú.

Ọmọ sín. Lẹ́yìn náà ló ké. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀rọ Ẹlẹ́rọ ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ariwo sọ! Wọ́n gbé Ẹlẹ́rọ sókè, wọ́n ń jù ú, wọ́n ń gbà á. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni, wọ́n ní ọkọ gidi ni, ọkọ tó mọ inú ìyàwó ẹ̀ láìsí àmì. Wọ́n ní tí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó jókòó sórí àgbá ṣá, etí ẹ̀ ò di. Tíṣà Àgbà ṣí fìlà. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ èèyàn níwèé. Lónìí, ìwọ lo kọ́ mi." Ìyẹ̀fun àti omijé ti po pọ̀ lójú Ẹlẹ́rọ, ó ti di ẹ̀kọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kánjúkánjú jáde láti inú oko, ó ti yọ ṣùkù lẹ́nu, ó gbé nǹkan kan dání. "Fóònù ìyàwó wa rèé! Nínú àgbàdo lọ́hùn-ún ni mo ti rí i, ó jìnnà díẹ̀. Àwọn olóríburúkú yìí ló jù ú nù." Ó nu ojú ẹ̀, ó wò ó, ó pariwo fún gbogbo ayé: "Kò sí ìpè kan ṣoṣo lórí ẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò pè é! A gbìyànjú o!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìkókó mu omi. Ó mu ife mẹ́ta. Ó gba ọmọ ẹ̀, ó gbé e sí àyà. Ó wo fóònù ọwọ́ Kánjúkánjú. Ó wo oko àgbàdo. Ó wá yíjú sí ọkọ ẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí lórí èjìká, ohùn ẹ̀ há, ó rọra sọ ọ́:

"Èmi ni mo jù ú síbẹ̀ kí n tó wọ àgbá, Bàbá Ìkókó, kó lè máa dún lọ́hùn-ún kí wọ́n sá, mo ní kí ẹ máa pè mí, kí ló dé tí ẹ ò pè?"